Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Asín, Erin, àti Ọ̀nà Tó Wà Láàárín Ẹsẹ̀ àti Ọpọlọ

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn lára àwọn tó wọlé ní oṣù yìí. Ọ̀kan wá láti Kétu, méjì láti Àjàṣẹ́ níbí, ìkẹrin sì wá láti Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń yí ká, ìyẹn ni bí títóbi tàbí kíkéré ara ẹranko ṣe kan iṣẹ́ tí ọpọlọ àti ara ń rán sí ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn pọ̀ sójú ewé kan. Mo yọ orúkọ kúrò, gẹ́gẹ́ bí méjì nínú wọn ṣe bẹ̀ mí, mo sì gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè láti Kétu

“Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kétu. Ọdẹ ni bàbá mi, wọ́n sì máa ń sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré pé bí ẹ̀gún bá gún erin lẹ́sẹ̀ lónìí, ọ̀la ni yóò tó mọ̀, ṣùgbọ́n asín ti yí padà kí ẹ̀gún tó kan awọ rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì, ni àwọn ọmọ bá ní kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, n kò sì lè ṣe é. Ṣé ọpọlọ asín ló yá ju ti erin lọ ni, àbí ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà ló jìn nínú ara erin?”

Ìdáhùn: Ọ̀nà ló jìn, olùkọ́ wa. Eré tí ìròyìn ń sá nínú iṣan erin kò kéré sí ti asín rárá. Kódà ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀nà náà gùn gan-an nínú ara erin, eré náà kò sì pọ̀ sí i tó bí ọ̀nà ṣe gùn sí i. Àlàyé rẹ̀ gba àyè díẹ̀, nítorí náà ẹ fún mi ní sùúrù.

Kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà “iṣan” fúnra rẹ̀, torí ó máa ń da àwọn ọmọ ilé ìwé láàmú. Iṣan ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni a ń pe okùn líle tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan náà ni a sì ń pe okùn funfun tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ara. Ìkẹta yìí ni mo ní lọ́kàn, iṣan ìmọ̀lára ni n ó sì máa pè é. Ẹni tó bá ti kun ewúrẹ́ rí ti fojú kàn án láìmọ̀: bí a bá la ẹran itan sí méjì, okùn funfun pẹlẹbẹ kan wà láàárín rẹ̀ tí kì í ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ bá gé e. Okùn yẹn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán ni a dì pọ̀ bí òwú nínú rẹ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ apá gígùn tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nà láti ẹ̀gbẹ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn títí dé ẹsẹ̀. Bí itan bá ṣe gùn tó ni apá sẹ́ẹ̀lì náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Nínú asín, kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ; nínú erin, ó ju ènìyàn tó dúró ṣánṣán lọ.

Ohun tó ń gba inú fọ́nrán yìí kọjá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe iná mànàmáná bí èyí tó ń gba inú wáyà ilé wa. Tọ̀sán-tòru ni sẹ́ẹ̀lì ń tú sodium, tó jẹ́ ara ohun tó para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀, síta, tó sì ń kó potassium wọlé; mẹ́ta ló ń tú síta fún méjì tó ń kó wọlé. Jens Christian Skou, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ló ṣàpèjúwe ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára sẹ́ẹ̀lì ní 1957, iṣan ìmọ̀lára inú ẹsẹ̀ akàn ló sì fi ṣe ìwádìí náà. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1997, ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá wá kan awọ, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké á ṣí lára fọ́nrán, sodium á ya wọlé, wíwọlé rẹ̀ á sì mú kí àwọn ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e ṣí pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé òpin. Bàbá yín tó jẹ́ ọdẹ ti rí irú rẹ̀ nígbà ọyẹ́ tí igbó bá ń jó: koríko kì í kúrò lójú kan, iná ló ń rìn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé koríko ti ara wa máa ń hù padà láàárín ìdá ẹgbẹ̀rún díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí iná mìíràn á sì tún gbà á kọjá.

Johannes Müller, àgbà nínú àwọn onímọ̀ ìṣiṣẹ́ ara ní Jámánì láyé ìgbà náà, gbà pé kò sí bí a ṣe lè wọn ìyára iná yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hermann von Helmholtz, wọ̀n ọ́n ní 1850. Ó mú iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú ẹran tó so mọ́ ọn (ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àmì ohùn ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ẹran odò ni, kì í ṣe ohun tó wà nínú agbárí), ó fi iná mànàmáná kan iṣan náà níbi tó jìnnà sí ẹran, ó tún fi kàn án níbi tó sún mọ́ ọn, ó sì wo bí àkókò tí ẹran fi súnkì ṣe yàtọ̀ nígbà méjèèjì. Ohun tó rí jẹ́ nǹkan bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sọ ọ́ di eré ọkọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 97 ní wákàtí kan ni. Ọkọ̀ tó bá jáde ní Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu lè bá a dọ́gba níbi tí ọ̀nà bá ti dán, awakọ̀ náà kò sì ní rò pé òun ṣe bẹbẹ.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀dá ń gbà mú eré yìí pọ̀ sí i. Èkíní ni pé kí fọ́nrán nípọn. Ẹran òkun aláìléegungun kan wà tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní calmar. Fọ́nrán kan nínú ara rẹ̀ lè fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé ojú lásán ń rí i. Fọ́nrán náà ni Alan Hodgkin àti Andrew Huxley fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1952, níbi tí wọ́n ti fi ìṣirò ṣàlàyé bí ilẹ̀kùn sodium àti ti potassium ṣe ń ṣí tí wọ́n sì ń tì, iṣẹ́ tó mú wọn wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi ọ̀rá wé fọ́nrán náà, kí a sì fi àlàfo kékeré sílẹ̀ níbì kan àti níbì kejì, tí ìròyìn yóò fi máa fò láti àlàfo dé àlàfo dípò kí ó máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọ̀rá yìí ló jẹ́ kí okùn inú itan ewúrẹ́ funfun. Fọ́nrán tó wọ aṣọ ọ̀rá, tí kò ju ìdá àádọ́ta mìlímítà kan lọ ní fífẹ̀, lè gbé ìròyìn ní eré tó lé ní mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá nínú ara ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán ńlá ti calmar kò ju bíi mítà 25 lọ.

Ibi tí fọ́nrán kan bá parí sí, sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni yóò gba iṣẹ́, àlàfo tín-ín-rín kan sì wà láàárín wọn tí iná kò lè fò kọjá. Kẹ́míkà ni sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ń tú sínú àlàfo náà láti jẹ́ iṣẹ́ fún èkejì. Otto Loewi ló fi èyí hàn ní 1921 pẹ̀lú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì: ó mú kí ọkàn kan falẹ̀ nípa fífi iná kan iṣan ìmọ̀lára rẹ̀, ó da omi tó yí ọkàn náà ká sórí èkejì, èkejì náà sì falẹ̀. Ìkọjá yìí máa ń gbà tó ìdajì sí odindi ìdá ẹgbẹ̀rún kan nínú ìṣẹ́jú àáyá. Kẹ́míkà inú asín àti ti erin kò yàtọ̀, fífẹ̀ àlàfo náà kò sì yàtọ̀ tó nǹkan, torí náà kò sí èyí tó yára ju èkejì lọ níbẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé ẹranko méjèèjì sórí ìwọ̀n. Àwọn asín tó kéré jù kò wúwo ju gíráàmù díẹ̀ lọ, erin sì lè wọn tọ́ọ̀nù mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ìyẹn ni pé erin kan tó asín mílíọ̀nù kan ní ìwúwo. Heather More àti Max Donelan pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà wọn iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ asín, wọ́n sì wọn ti erin ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n wá kó ohun tí àwọn mìíràn ti wọ̀n lára àwọn ẹranko tó wà láàárín wọn jọ. Ti erin jẹ́ nǹkan bíi mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá ti ọ̀dọ̀ asín gòkè lọ sọ́dọ̀ erin, eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ọ̀nà ló fi nǹkan bí ìlọ́po 100 gùn sí i.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà lójú pátákó kíláàsì yín. Kí a sọ pé mítà méjì ni láti àtẹ́lẹsẹ̀ erin dé mùdùnmúdùn ẹ̀yìn rẹ̀. Mítà 2 tí a pín sí 70 jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún 29 nínú ìṣẹ́jú àáyá; àlọ àti àbọ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí 57. Nínú asín, àlọ àti àbọ̀ kò ju bí ìdá ẹgbẹ̀rún kan péré lọ. Ẹran ara erin tún máa ń pẹ́ kí ó tó súnkì dáadáa ju ti asín lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà kó gbogbo ìdádúró pọ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ti erin lé ní ìlọ́po 15 ti asín, kì í ṣe ìlọ́po 100, torí pé àwọn ìdádúró kan wà, bíi ti àlàfo oníkẹ́míkà, tí kì í pọ̀ sí i bí ara bá tóbi.

Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí ara erin kò fi kàn mú fọ́nrán rẹ̀ nípọn sí i. Nínú fọ́nrán tó wọ aṣọ ọ̀rá, bí fífẹ̀ bá di ìlọ́po méjì ni eré ń di ìlọ́po méjì. Kí ìròyìn tó lè tètè dé nínú erin bí ó ṣe ń dé nínú asín, eré náà ní láti di ìlọ́po 100 ti asín, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á sì fẹ̀ ní ìlọ́po 100. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po 100 á gba àyè ní ìlọ́po 10,000 bí a bá gé e wò lójú. Okùn tó wà nínú itan erin á wá nípọn ju itan náà fúnra rẹ̀ lọ. Fúnra mi, mo fẹ́ràn ìṣirò yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí ó fi hàn pé kì í ṣe pé erin ya ọ̀lẹ, àyè ni kò sí.

Kí bàbá má bínú, àsọdùn díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Erin tí ẹ̀gún gún ti gbọ́ kí ìgbésẹ̀ tó wà lọ́wọ́ tó parí, torí ìgbésẹ̀ erin fúnra rẹ̀ kì í yá. Nítorí èyí ni àwọn ará Kánádà náà fi sọ pé, bí a bá fi ìdádúró wé bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó nígbà tí ẹranko bá ń sáré tó lágbára jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín erin àti asín kò ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì kì í ṣe kékeré fún ẹni tó gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin lé ẹsẹ̀. Ẹ wo erin tó ń sáré: kì í fò, kì í gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láé. Ìròyìn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, torí náà ọpọlọ rẹ̀ ní láti pinnu ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ṣáájú.

Ní ti asín, òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ. Ọ̀kan wọ ilé ìdáná wa ní òru ọjọ́ kan, ó ń tọ ẹsẹ̀ ògiri lọ, imú gígùn rẹ̀ ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn. Mo gbé ìgbálẹ̀ sókè. Kí ìgbálẹ̀ tó balẹ̀ ni ó ti wà lẹ́yìn odó, òórùn rẹ̀ nìkan ló kù níbi tí mo gbá. Iṣẹ́ tí ọpọlọ mi rán sí ọwọ́ mi ní láti rin nǹkan bíi mítà kan, tirẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan lọ. (Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé asín kì í ṣe eku lójú àwọn onímọ̀ ẹranko, bó tilẹ̀ jọ ọ́, kòkòrò ló ń jẹ, kì í rún ọkà bí eku.)

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́

“Aránṣọ ni mí, lẹ́bàá ọjà Ouando. Mo ga dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi kúrú. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, àwọn á ti ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi kí n tó mọ̀ pé ó dùn mí. Ṣé ẹni tó ga máa ń pẹ́ mọ nǹkan lára ni?”

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n wọn ò jìnnà sí òótọ́. Oríṣi fọ́nrán ju ẹyọ kan lọ ló ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀. Èyí tó ń sọ pé nǹkan kan ti kan ẹsẹ̀ wọ aṣọ ọ̀rá, ó sì ń rìn ní nǹkan bíi mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó ń gbé ìrora tó ń ta bí iná tó sì ń pẹ́ lára kò wọ aṣọ kankan, eré rẹ̀ kò sì ju bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìyẹn eré ẹni tó ń rìn gbẹ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta fi máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé òun kọ ọ́, tó sì máa ń ní ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ láti di eyín pọ̀ kí oró gidi tó dé. Ọ̀rọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òsì ni tàbí ọ̀tún kì í ṣe ti ojú ewé yìí.

Bí ẹsẹ̀ yín bá fi sẹ̀ǹtímítà 25 gùn ju ti ẹ̀gbọ́n yín lọ, ìròyìn kíkàn á fi ìdá ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ jù tiwọn lọ, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n oró tó ń falẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ìyẹn sì tó láti fi sọ pé “pẹ̀lẹ́”.

Ní ti ọwọ́, ẹ lè dán ara yín wò. Kí ẹnì kan di orí igi ìfàlà ọmọ ilé ìwé mú kí ó rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká láìfọwọ́ kàn án, kí ó wá jù ú sílẹ̀ láìkìlọ̀. Bí ẹ bá gbá a mú lójú sẹ̀ǹtímítà 20, ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ lò. Bó bá jẹ́ 30, ìdá mẹ́rin ni. Mo ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé wa, èyí tó ga jù nínú wọn kọ́ ló kẹ́yìn. Ìrìn inú iṣan kò kó ju díẹ̀ lọ nínú àkókò yẹn. Inú ọpọlọ, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi iṣẹ́ lé sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti ojú dé ibi tí a ti ń pàṣẹ fún ọwọ́, ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ sí.

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́

“Bí ọpọlọ erin bá tóbi ju ti ènìyàn lọ, kí ló dé tí kò gbọ́n jù wá lọ?”

Ìdáhùn: Ọpọlọ erin máa ń wọn kílò mẹ́rin sí márùn-ún, tiwa kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Suzana Herculano-Houzel, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pò ọpọlọ di omi bí ọbẹ̀ kí wọ́n tó ka sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Wọ́n rí bílíọ̀nù 86 nínú ti ènìyàn, wọ́n sì rí bílíọ̀nù 257 nínú ti erin Áfíríkà kan. Ṣùgbọ́n 98 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì erin náà ló wà nínú ọpọlọ ẹ̀yìn, ibi tó ń tọ́jú ìṣípòpadà ara, tí ọ̀wọ́jà náà sì wà lára ohun tó ń darí. Awọ òde ọpọlọ, níbi tí ìrònú pọ̀ sí, kò ní ju bílíọ̀nù 5.6 lọ nínú erin. Tiwa ní bílíọ̀nù 16. Bóyá “gbọ́n jù” jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká lò fún erin, n kò fẹ́ dá a lẹ́jọ́.

Ìbéèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́

“Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Mo ń sin màlúù àti ewúrẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tó ta oògùn aràn fún mi ní bí ìwọ̀n kan bá tó ewúrẹ́, kí n fi ìwúwo màlúù sọ ọ́ di púpọ̀ ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kọjá, abo màlúù kan sì wó lulẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó tó ọjọ́ méjì kó tó dìde. Ṣé ìṣirò náà kò tọ́ ni?”

Ìdáhùn: Kò tọ́, ẹ sì kú oríire pé ó dìde. Ẹranko tó wúwo ní ìlọ́po 16 kì í jóná ní ìlọ́po 16. Max Kleiber, ọmọ ilẹ̀ Siwísáláǹdì tó ṣiṣẹ́ ní Kalifọ́níà, fi hàn ní 1932 pé agbára tí ara ẹranko ń lò ń pọ̀ sí i tẹ̀ lé ìwúwo rẹ̀ tí a gbé sí agbára ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kí n sọ ọ́ lọ́nà tí ẹ ó fi lè lò ó: bí ewúrẹ́ yín bá wọn kílò 20, tí màlúù sì wọn 320, ìlọ́po 16 ni ìwúwo, ṣùgbọ́n ìlọ́po 8 péré ni iná inú ara rẹ̀, ìyẹn agbára tí ara ń lò. Ẹ̀dọ̀ tó ń tú oògùn ká àti kíndìnrín tó ń dà á nù sábà máa ń tẹ̀ lé iná yẹn ju ìwúwo lọ. Bákan náà ni ọkàn: ti asín kékeré ń lù ju ìgbà 800 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ti erin kò ju bí ìgbà 30 lọ.

Irú àṣìṣe yín ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kàwé jù wá lọ. Ní August 1962, ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan fẹ́ mọ̀ bóyá LSD lè mú kí akọ erin ya wèrè bí ó ti máa ń ṣe ní àsìkò rẹ̀. Oògùn yìí ń gba ẹnu ọ̀nà serotonin, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà ajíṣẹ́ inú ọpọlọ, wọlé, ìwọ̀nba tín-ín-rín sì tó láti da orí ènìyàn rú. Wọ́n mú ìwọ̀n tí wọ́n ti lò fún ológbò, ìyẹn mìlígíráàmù 0.1 fún kílò kan, wọ́n fi ìwúwo erin sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n sì fún erin ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Tusko ní abẹ́rẹ́ mìlígíráàmù 297. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti ké, ó ti ṣubú, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó kú kí wákàtí méjì tó pé. Wọ́n fún un ní àwọn oògùn mìíràn láti dá gbígbọ̀n náà dúró, àwọn kan sì ń jiyàn títí di òní pé àwọn oògùn náà ló dá kún ikú rẹ̀.

Knut Schmidt-Nielsen, onímọ̀ ìṣiṣẹ́ ara ẹranko, tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti wo iná inú ara ológbò dípò ìwúwo rẹ̀, mìlígíráàmù 80 ni wọn ì bá fún un. Bí wọ́n bá fi ènìyàn ṣe àwòṣe, 8 ni tí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwúwo, 3 ni tí wọ́n bá tẹ̀ lé iná inú ara. Bí wọ́n bá fi títóbi ọpọlọ erin wé ti ènìyàn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọpọlọ ni oògùn náà ń bá jà, mìlígíráàmù 0.4 péré ni. Láti 297 dé 0.4, erin kan náà ni, oògùn kan náà ni.

Ẹ má wá rò pé kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po 8 ni kí ẹ ṣe. Ẹ̀yà ẹranko ní ọ̀nà tirẹ̀: àwọn oògùn aràn kan wà tí ara ewúrẹ́ ń tètè tú ká ju ti àgùntàn lọ, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n tó tó àgùntàn kì í tó ewúrẹ́. Èyí já sí pé ẹni tó fi ewúrẹ́ ṣe àwòṣe fún ẹranko mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ga jù. Ọ̀pọ̀ oògùn aràn ló sì jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára aràn ni wọ́n ń lù dákú. Ohun tó ń dáàbò bo ẹranko ni pé ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí oògùn náà kọjá sínú ọpọlọ tirẹ̀. Nígbà tó bá pọ̀ jù, ó lè kọjá, ẹranko náà á sì máa gbọ̀n bí èyí tí ẹ rí. Kò sí ìdí kankan láti fi ewúrẹ́ wọn màlúù nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n tí wọ́n ti dán wò lára màlúù wà lára páálí oògùn.

Ẹ mú téèpù aránṣọ, ẹ yí i ká àyà màlúù náà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá ó lóyún. Dókítà ẹran lè fi ìwọ̀n àyà yẹn fojú dá ìwúwo rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fà á lọ sórí ìwọ̀n. Kí ẹ mú páálí oògùn ti ọdún tó kọjá dání lọ, bó bá ṣì wà nílé, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fún un gan-an, láìdín kan kù.